Ọkùnrin Tó Mú Kẹ̀kẹ́ Oníjíà Ẹyọ Kan

Ọkùnrin kan gbé ní ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ni kí ó máa gbé oògùn láti ilé ìwòsàn ìlú náà lọ sí àwọn abúlé mẹ́rin tó wà lórí òkè. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Wọn á di oògùn sínú kúlà kékeré kan, wọn á kó yìnyín yí i ká, òun á sì gbé e dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lókè kí yìnyín tó yọ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí yìnyín bá yọ́ tán kí ó tó débẹ̀, oògùn ti bàjẹ́, ẹni tó ń retí rẹ̀ sì lè kú.

Adéríbigbé, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. N kò ní tàn ọ́, kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, bí ènìyàn bá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ á le bí ojú ẹni tí eyín ń dùn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ènìyàn tí mo bá pàdé láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó wà lára àwọn díẹ̀ tó wù mí kí n jọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwọ jẹ ọ̀gá ilé ìwé, o sì bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí o wọlé. N ó dáhùn rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí.

Ọ̀nà òkè náà kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Alùpùpù pàápàá kì í lọ jìnnà níbẹ̀. Òkúta ló kún ibẹ̀, gbòǹgbò igi na ara sílẹ̀ káàkiri, odò kan sì wà láàrin tó jẹ́ pé ìtì igi ẹyọ kan ni wọ́n fi ṣe afárá rẹ̀. Ẹni tó bá gbé alùpùpù dé etí odò yẹn, ibẹ̀ ló máa fi í sílẹ̀ sí, nítorí kò sí bó ṣe lè gbé e kọjá. Ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fi rin ọ̀nà yẹn fún ọdún mẹ́fà. Á kúrò nílé láàárọ̀, á sì dé abúlé tó jìnnà jù nígbà tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀. Nígbà mìíràn, omi lásán ni wọ́n máa bá nínú kúlà.

Ó ní ẹnìkejì kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ènìyàn dáadáa ni ẹnìkejì yìí. Ó lágbára, ó lọ́yàyà, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Má ṣe rò pé òun ni ènìyàn burúkú inú ìtàn yìí. Kò sí ènìyàn burúkú kankan níbẹ̀.

Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ aláàánú kan kó kẹ̀kẹ́ mẹ́fà wá fún ilé ìwòsàn náà, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún òkè àti òkúta, tí táyà wọn nípọn tó sì ní eyín. Wọ́n tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò. Mátírọ́ọ̀nù pe àwọn òjíṣẹ́ méjèèjì, ó ní kí olúkúlùkù mú ọ̀kan. Ó ní èyí tí wọ́n bá mú lọ́jọ́ náà ni wọn yóò máa lò, kò ní sí pé ẹnikẹ́ni ń padà wá pààrọ̀.

Ẹnìkejì kò pẹ́ rárá. Ó mú pupa kan tó ń dán, tó ní jíà mọ́kànlélógún, tó ní sípíríìǹgì níwájú àti lẹ́yìn. Bí o bá jókòó lé e, á rì díẹ̀, á sì tún rọra gbé ọ sókè. Ó gùn ún yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ náà wuyì. N kò ní torí pé mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí kí n wá máa sọ pé kò wuyì.

Ọkùnrin tí mò ń sọ kò tíì mú. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì. Ó gbé wọn lé èjìká níkọ̀ọ̀kan, á rìn díẹ̀, á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń yí táyà wọn, ó ń tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín: ó jáde nínú ọgbà, ó sì mú wẹ́dà tó wà ní ìkòríta wá, ẹni tó máa ń jó ilẹ̀kùn irin àti ẹsẹ̀ àga pọ̀ fún wa. Awò dúdú wẹ́dà ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ọkùnrin náà mú un gba iwájú àwọn kẹ̀kẹ́ náà kọjá, ó ń fọwọ́ tọ́ ibi kọ̀ọ̀kan, ó ń bi í pé bí ibí yìí bá ṣẹ́ lókè, ṣé ó lè tún un ṣe. Wẹ́dà ń mi orí. Ó ní irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ni wọ́n fi ṣe wọ́n, pé bí iná òun bá kàn án, á yọ́ dànù. Ti sípíríìǹgì, ó ní òun kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ èyí tó gbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná kàn án, ó sì dìde.

“Irin gidi nìyí,” ni wẹ́dà wí. “Bó bá ṣẹ́ lónìí, gbé e wá. Wàá gùn ún lọ lọ́la.”

Kò sí ẹni tó ti wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Kò ní sípíríìǹgì níwájú, kò ní lẹ́yìn, gan-an-gan ló dúró. Jíà ẹyọ kan péré ló ní, ìyẹn ni pé èyí tí o fi gun òkè náà ni o máa fi sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni o sì máa fi rin ọ̀nà tó tẹ́jú. Mátírọ́ọ̀nù, tó fẹ́ràn ọkùnrin náà, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kò sí ẹni tó ní kí ó fi ìyà jẹ ara rẹ̀, pé àwọn tó dára ṣì kù mẹ́rin níbẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, “Mo ti ka ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀, Mà. Wọn kò tó ìka ọwọ́ mi. Kò sì sí èyí tí n kò lè tún ṣe nínú igbó, tàbí kí n gbé e tọ wẹ́dà lọ.”

Ó buwọ́ lùwé, ó sì gbé e lọ sílé.

Kẹ̀kẹ́ náà kò tù ú lára o. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, nítorí kò sí òkúta tí táyà gùn tí èjìká rẹ̀ kò gbọ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí bí ẹni tó ń sáré, kẹ̀kẹ́ kò sì ní yára ju bó ṣe wà lọ. Ibẹ̀ ni ẹnìkejì máa ń kọjá rẹ̀, á na ọwọ́ sí i, á sì wọ inú igbó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó o lọ́wọ́ ní alaalẹ́, ó sì ń bi í bóyá wọ́n ṣépè fún un ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ó kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró lórí pẹ́dà kí òkúta tó dé. Ó kọ́ láti tẹ ìgúnpá rẹ̀, kí apá máa ṣe iṣẹ́ tí sípíríìǹgì ìbá ṣe. Ó kọ́ láti máa wo iwájú réré, kí ó ti mọ àárín òkúta wo ni òun máa gbà kí ó tó débẹ̀. Ó dín atẹ́gùn inú táyà rẹ̀ kù díẹ̀, kí òkúta má bàa máa ta á sókè. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó ti ń dé abúlé tó jìnnà jù ní ọ̀sán gangan, yìnyín inú kúlà rẹ̀ sì ṣì ń ro kẹ́kẹ́.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ. Bí o bá kúrò nílùú, kí o tó dé odò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó ga bí òrùlé. Ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń sá kòkó. Wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n á da kòkó sí i, wọ́n á sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń yí i, tí wọ́n ń lé ewúrẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń wò ju ẹni tó ń kọjá lọ. Láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ti dé, wọ́n ti fi í ṣe àṣà: ẹni tó bá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dé òkè láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n á máa ki oríkì rẹ̀ títí á fi wọ igbó. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á bi í bóyá òun ló ń gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ún.

Ẹnìkejì kò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ rí. Jíà rẹ̀ gbà á, agbára rẹ̀ náà sì gbà á. Orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń sìn ín lọ. Ọkùnrin wa ní tirẹ̀, ojú ibì kan náà ló máa ń ti sọ̀kalẹ̀, bó bá ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà díẹ̀. Á bọ́ sílẹ̀, á sì máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Afàkẹ̀kẹ́-bí-Ewúrẹ́. Á kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, á sì kọjá. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá kì í dùn ún. Ó ní ó ń dùn ún gan-an. Ó ní ṣùgbọ́n agbára tí òun bá ná síbẹ̀ nítorí àwọn tó jókòó, òun kò ní í rí i lò mọ́ lódìkejì odò, níbi tí wọn kò sí.

Nínú oṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì tó wà ní abúlé tó jìnnà jù pe Mátírọ́ọ̀nù lórí fóònù. Paramọ́lẹ̀ ti bu obìnrin kan jẹ nínú oko kókò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú dé orúnkún. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ti tán lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà. Ó ní bí òmíràn kò bá tètè dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun kò mọ ohun tí òun tún lè ṣe fún obìnrin náà mọ́.

Ọkùnrin wa ti jáde láti ìdájí, ó gbé oògùn àwọn ọmọ ọwọ́ lọ sí abúlé tó kọ́kọ́ wà lókè. Ẹnìkejì ló wà nílẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù di ìgò abẹ́rẹ́ méjì sínú kúlà, ó so ó mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì gbàdúrà fún un. Ẹnìkejì fò sórí kẹ̀kẹ́ pupa rẹ̀, ó sì bá eré lọ.

Nígbà tó dé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ ti rọ̀ bí àkàṣù tútù. Àwọn tó ń sá kòkó ti fi ọ̀rá bo kòkó wọn, wọ́n sì kó ara wọn jọ sábẹ́ àtíbàbà. Wọn kò mọ ohun tó gbé lẹ́yìn. Wọ́n rí i, inú wọn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní ọkàn òun sọ fún òun pé kí òun sọ̀kalẹ̀ lónìí. Ó ní ẹsẹ̀ òun ọ̀tún tilẹ̀ ti kúrò lórí pẹ́dà. Bàbá àgbàlagbà kan wá pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó ní ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ẹ yà fún un. Ó dá ẹsẹ̀ padà sórí pẹ́dà. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ náà ló pààrọ̀ jíà.

Gbogbo ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ oníjíà ló mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí a tó pààrọ̀. Òun náà mọ̀, ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ṣéènì fò kúrò ní àyè rẹ̀, irin tó ń darí ṣéènì wọ inú sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà ẹ̀yìn, ó sì ṣẹ́. Táyà náà há gádígádí.

Ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó wò ó. Kò sí irú irin yẹn nílùú, kò sí i ní ìlú tó tẹ̀ lé e. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó so kúlà le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ iye wákàtí tí ẹsẹ̀ ń gbà, ó sì mọ̀ pé yìnyín kò ní dúró de òun.

Kò tíì dé odò nígbà tó pàdé ọkùnrin wa tó ń bọ̀ láti òkè, tí ẹrẹ̀ ti bò ó dé ìbàdí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun gun kẹ̀kẹ́ náà, nítorí òun mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin wa ní rárá, pé ẹni tí kò bá mọ kẹ̀kẹ́ yìí, á ṣubú nínú ẹrẹ̀ yẹn. Kò bá a wí. Kò bi í bó ṣe ṣẹ́. Ó tú kúlà lẹ́yìn rẹ̀, ó so ó mọ́ tirẹ̀, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà sí ibi tó ti ń bọ̀.

Nígbà tó dé odò, omi ti bo ìtì igi náà mọ́lẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó sì ń fẹsẹ̀ wá igi náà lábẹ́ omi títí ó fi kọjá. Lódìkejì, táyà iwájú rẹ̀ kọlu òkúta kan tí ẹrẹ̀ bò. Ó fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ sì lọ gbá àpáta. Kúlà ló kọ́kọ́ wò. Kò fọ́. Lẹ́yìn náà ló wo kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, irin tó di táyà mú, ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà kò sì lè yí mọ́.

Ó yọ táyà náà. Ó wá igi kan tó pín sí méjì láti ìsàlẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ irin náà sí àárín rẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ fà á. Irin náà han, ó sì rọra ń padà. Kò tọ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá táyà padà, ó yí. Ì bá jẹ́ irin ìkòkò ni, ì bá ti dá sí méjì, ibẹ̀ ni ìrìn àjò ì bá sì parí sí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìgúnpá rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń lọ.

Nígbà tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gbẹ̀yìn kí á tó wọ abúlé, ó sọ̀kalẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wò ó níbẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀ lójú àwọn tó ń sá kòkó náà ló ṣe sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó gbé kúlà lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Yìnyín tó kù níbẹ̀ kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, ṣùgbọ́n ìgò abẹ́rẹ́ ṣì tutù. Wọ́n gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó wà láàyè di òní, ẹsẹ̀ yẹn náà ló sì fi ń lọ sí oko kókò.

Nígbà tí ọkùnrin wa sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń sá kòkó ti gbọ́. Wọ́n dìde fún un, àgbà àti ìyá arúgbó, wọ́n sì ki oríkì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ le bó ṣe máa ń le. Ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, ó sì kọjá. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ jù lọ nínú ìtàn yìí ni ohun tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó tún ń gun òkè lọ, wọ́n tún dìde, wọ́n tún ń kì í, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó dé ojú ibi tó ti máa ń sọ̀kalẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ó tún kẹ̀kẹ́ ẹnìkejì ṣe fún un pẹ̀lú. Ó tú gbogbo irin jíà dànù, ó gé ṣéènì kúrú, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ṣì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ó yá, Adéríbigbé. O wọlé wá bá mi ní àárọ̀ yìí, o ní ọjọ́ Ajé ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwé abúlé tí wọ́n gbé ọ lọ. O ní yàrá kan ṣoṣo ni, kíláàsì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀, o kò sì kọ́ irú rẹ̀ rí láyé rẹ. O wá ń bi mí irú aṣọ tí wàá wọ̀, irú ọ̀rọ̀ ńlá tí wàá kọ́kọ́ sọ, kí àwọn òbí àti tíṣà tí o máa bá níbẹ̀ má bàa mọ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn òbí yẹn ló jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n máa kì ọ́ bí o bá ń dán, wọn kò sì ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógójì inú yàrá yẹn ni ejò bù jẹ, ìwọ ni o sì gbé kúlà. Bí o bá fi ọdún kan ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọdún yẹn ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún wọn. Irú ohun tí ìwọ gan-an lè ṣe, tí o sì lè tún ṣe bó bá bàjẹ́, òun ni kí o gbé lọ síbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ibi tí kò bá ti sí ní agbára rẹ, sọ pé kò sí, lójú gbogbo wọn.

Tíṣà obìnrin tí o máa bá níbẹ̀ ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé o jù ú lọ lọ́jọ́ orí, mo sì mọ̀ pé ìwọ ni ọ̀gá rẹ̀. Má dúró di ọjọ́ Ajé. Lọ sí ilé rẹ̀ ní ọ̀sán yìí. Kí i dáadáa, jókòó, kí o sì sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kọ́ mi.”